Èsì: Ẹ má tíì ra láptọ́ọ̀pù tuntun

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní láptọ́ọ̀pù yín ń wọ́ bí ìgbín, pé ṣé kí ẹ ra tuntun. Ẹ má tíì náwó o. Ẹ gbé etí lé e: tó bá ń dún kàrà-kàrà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ hard disk ló wà nínú rẹ̀, awo tó sábà máa ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí abẹ́rẹ́ kan ń wá fáìlì yín kiri lórí rẹ̀. Ẹ fi SSD, ibi ìpamọ́ fáìlì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, rọ́pò rẹ̀.

Tòkúnbọ̀ ni tèmi, Computer Village n'Íkẹjà ni mo ti rà á. Tẹ́lẹ̀, mo lè tẹ̀bà tán kó tó tàn. Ní báyìí tí mo ti fi SSD sí i, yóò ti ṣí kí omi tó hó. Ẹ kọ́kọ́ kó fáìlì yín sórí fláàṣì ṣá. Tí RAM, ìyẹn ibi tí láptọ́ọ̀pù ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, bá jẹ́ 4GB, ẹ sọ ọ́ di 8.