Ṣé chip ló jóná ni, àbí súwíìṣì? Kíbọ́ọ̀dù tòkunbọ̀ tí lẹ́tà kú nínú ẹ̀

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, níbi tí mo ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ wọn. Kíbọ́ọ̀dù tòkunbọ̀ kan, kékeré, tí kò ní nọ́ńbà lápá ọ̀tún, ni ọwọ́ mi ti mọ́ jù. Láti ọ̀sẹ̀ méjì, 5, T, G àti B kò ṣiṣẹ́ mọ́, N sì ń jáde ní méjì-méjì. Ẹni tó bá mi wò ó ní chip inú ẹ̀, ọpọlọ kékeré tó ń darí ẹ̀, ti jóná, pé kí n dà á nù. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má dà á nù. Bí chip bá jóná, kì í sábà ṣa lẹ́tà mẹ́rin pa. Gbogbo kíbọ́ọ̀dù ló máa ń kú. Àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ṣe tiyín.

Bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan kì í ní wáyà tirẹ̀. Wọ́n to gbogbo wọn sórí ìlà ìbú àti ìlà òró bí okùn àwọ̀n; ibi tí ìlà méjì bá ti pàdé ni súwíìṣì kan wà lábẹ́ bọ́tìnnì. Ìbú 8 àti òró 16, wáyà 24 péré, ti tó fún bọ́tìnnì 128. Chip á máa bi ìlà wọ̀nyí léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, lemọ́lemọ́, bóyá ẹnì kan tẹ̀ wọ́n. Bí ìlà kan bá já, gbogbo ọmọ orí ẹ̀ á dákẹ́ pọ̀. Ẹ wo 5, T, G, B lórí kíbọ́ọ̀dù yín: wọ́n tò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìlà ló já.

Mo tú irú ẹ̀ kan rí ní Oǹdó, tí tíì dà sí. Bàbà orí pánẹ́ẹ̀lì, pátákó inú ẹ̀ tí ìlà wọ̀nyí wà lórí ẹ̀, ti dógùn-ún lábẹ́ spacebar, ó di àwọ̀ ewé, ibi tó já kò sì fẹ̀ ju fọ́nrán irun lọ. Kí ẹni tó ní mítà tí wọ́n fi ń yẹ iná wò gbé e sí ibi tó máa ń dún bí wáyà ò bá já, kó dán ẹsẹ̀ súwíìṣì 5, T, G àti B tó wà lórí ìlà yẹn wò mọ́ra wọn, kó wá dán wọn wò mọ́ ẹsẹ̀ chip. Ibi tí ohùn bá ti kú, ibẹ̀ ni kó fi wáyà tín-ín-rín so. Nígbà míì, sódà, òjé tí wọ́n fi lẹ ẹsẹ̀ chip, ló kàn sán.

N ní tiẹ̀, súwíìṣì ni. Ẹ fa orí ẹ̀ yọ. Bí igi àárín bá rí bí àgbélébùú, súwíìṣì Cherry MX tàbí ẹ̀dà ẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ ihò gbọọrọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Alps ti Jàpáánì. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, irin inú súwíìṣì máa ń ta díẹ̀, á kan ara, á tún tú, kó tó fara balẹ̀, chip sì máa ń mú sùúrù fún un, ìdá díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Bí eruku ọyẹ́ bá wọ ibẹ̀, títa náà á pẹ́ ju sùúrù chip lọ, á sì kà á sí ẹ̀ẹ̀mejì. Fún Cherry, ẹ kán isopropyl alcohol 99%, ọtí ìfọ-nǹkan tó máa ń tètè gbẹ, sí i lẹ́ẹ̀mejì, ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà àádọ́ta, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ má fi WD-40 (òróró inú agolo tí wọ́n ń fín) tàbí kẹrosíìnì sún mọ́ ọn. Ti Alps, títú ni kí wọ́n tú u, nítorí omi á tún gbé eruku wọnú. Bí kò bá gbọ́, kí wọ́n yọ súwíìṣì Scroll Lock, tí ẹ ò lò rí, kí wọ́n fi rọ́pò N. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí gan-an: ọmọ ilé kan náà ni wọ́n, ìtẹ̀ wọn á sì bára mu.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta chip fún yín torí pé nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀ bára mu. Ẹbí chip Intel 8048 tàbí 8051 ló wà nínú púpọ̀ nínú àwọn kíbọ́ọ̀dù àtijọ́, láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n sì ti tẹ ètò mọ́ ọn nínú. Èyí tí ẹ bá rà lọ́jà kò ní ètò yẹn nínú. Bí tiyín bá kú lóòótọ́ lọ́jọ́ kan, Raspberry Pi Pico, pátákó chip kékeré kan, tí a fi QMK, ètò ọ̀fẹ́ fún kíbọ́ọ̀dù, sí lè gba irú wáyà 24 yẹn, àwọn súwíìṣì yín á sì wà bí wọ́n ṣe wà.

Bí ẹnu wáyà ẹ̀ bá jẹ́ roboto, PS/2 tó ní pínnì 6, ẹ pa kọ̀ǹpútà kí ẹ tó fà á yọ tàbí tì í bọ̀ ọ́. Wọn ò ṣe é fún fífà nígbà tí iná wà nínú ẹ̀. Ìyẹn gan-an ló lè jó chip.