Ṣé "charity" ni kí n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi?

Ẹni tó béèrè ní ẹ̀gbọ́n òun ló san owó ilé-ìwé òun. Ó fẹ́ kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí i lédè Gẹ̀ẹ́sì, kò sì mọ̀ bóyá "thank you for your charity" ló yẹ àbí "your generosity".

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi "charity" sílẹ̀. Létí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, ohun tí à ń ṣe fún aláìní ni. Sàárà ni. Tí ẹ bá kọ ọ́ sí ẹ̀gbọ́n yín, ẹ ti sọ ara yín di alágbe ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ẹ sì ti sọ òun náà di ẹni tó kàn ń kọjá lọ. Abájọ tí ẹni tí inú ń bí fi máa ń sọ pé "I don't want your charity!"

Kò rí bẹ́ẹ̀ látijọ́ o. Látinú "caritas" èdè Látìn ló ti ṣẹ̀, ìfẹ́ sì ni. "Faith, hope, charity" ló wà nínú 1 Kọ́ríńtì 13 nínú Bíbélì King James ti 1611, níbi tí tiwa ti sọ pé ìgbàgbọ́, ìrètí àti ìfẹ́. Nígbà tí wọ́n tún Májẹ̀mú Tuntun yẹn ṣe ní 1881, "love" ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

"Generous" ní tiẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́lá ni níbẹ̀rẹ̀. Lédè Látìn, "generosus" ni ẹni tí wọ́n bí sílé ńlá, ì báà má fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ó pẹ́ kó tó di ti ẹni tó lawọ́. Àwa kì í bi ọ̀làwọ́ léèrè ilé baba rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ là ń wò: ó là á ni, àbí ó há a. Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú èyí, "open-handed" àti "tight-fisted".

Ibi tó ti máa ń dojú rú ni pé lẹ́nu wọn, oúnjẹ pàápàá lè jẹ́ "generous". Ẹ ò lè sọ pé ìrẹsì lawọ́; ẹni tó bù ú ló lawọ́. Onígàrí tó wọn kóńgò títí tó fi yọrí, tó ń dà sílẹ̀ létí, tó tún wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, ènì lẹ̀kúnwọ́ yẹn. Lọ́jà Lọ́ńdọ̀nù, "a bit extra" ni wọn á pè é, kò sì dùn tó ènì rárá.

"Kind" rọrùn ju gbogbo wọn lọ, kò dìgbà tówó bá jáde: ẹni tó di ilẹ̀kùn mú fún yín "kind".

Nítorí náà, ẹ kọ "It was very kind of you to pay my fees. Thank you for your generosity." Lẹ́yìn náà kí ẹ pè é lórí fóònù, kí ẹ kúnlẹ̀ bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò rí yín, kí ẹ ní: "Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n mi, àpò yín ò ní gbẹ."