Kí ló ń fa ihò wínníwínní lára ìkòkò alumíníọ̀mù?

Ẹ béèrè láti Kàbà pé kí ló dé tí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà fi ní ihò wínníwínní, tó sì sán nígbà tó bọ́ sílẹ̀.

Haidirójìn, ìyẹn gáàsì kan tó wà nínú omi, ló sábà máa ń fa ihò yẹn. Alumíníọ̀mù ń yọ́ ní 660°C, bó bá sì ti yọ́, ó ń fa haidirójìn mu láti ara ọ̀rinrin, yálà ti àlòkù alumíníọ̀mù tí wọ́n fẹ́ yọ́ tó lómi lára, tàbí ti iyanrìn tí wọ́n fi ṣe mọ́ọ̀dù (ohun tí wọ́n ń da alumíníọ̀mù yíyọ́ sí kó lè di ìkòkò) tó rin jù. Bí iná bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń mu ún tó. Nígbà tó bá ń dì, kò lè gbà á mọ́, haidirójìn náà á wá há síbẹ̀, á sì di ihò. Ẹ sá àlòkù gbẹ dáadáa, mo bẹ yín, torí omi tó bá kó sábẹ́ alumíníọ̀mù yíyọ́ lè bú gbàmù, kó sì jó èèyàn.

Ti sísán ńkọ́? Mọ́ọ̀dù oníyanrìn kì í jẹ́ kí alumíníọ̀mù tètè tutù, nítorí náà hóró inú alumíníọ̀mù náà máa ń tóbi, agbára rẹ̀ á sì dín kù. Èyí tí wọ́n bá dà sínú mọ́ọ̀dù onírin ń tètè dì, ó sì ń le jù. Ẹ yọ nọ́ọ̀tì àti bóòtù kúrò nínú àlòkù pẹ̀lú: irin tó bá yòrò mọ́ ọn ń di bí abẹ́rẹ́ nínú rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń sán.