Ẹ Bi Wá Ká Fèsì: Ṣé òmùgọ̀ ni bàbá inú fíìmù yẹn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹlẹ́ o. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ jọ wo A Quiet Place, fíìmù ẹbí tí ò gbọ́dọ̀ pariwo torí àwọn ẹ̀dá abàmì kan tí ò ríran, tó jẹ́ pé ìró ni wọ́n fi ń wá èèyàn pa, àtìgbà yẹn la ti ń bára wa jiyàn. Wọ́n ní òmùgọ̀ ni bàbá yẹn, pé ṣebí ó mú ọmọ ẹ̀ ọkùnrin lọ síbi omi tó ń já látorí àpáta bíi ti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, wọ́n figbe ta níbẹ̀, nǹkankan ò ṣe wọ́n, kí ló dé tí wọn ò kúkú kó lọ síbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé adití ni ọmọbìnrin tó ṣe ọmọ wọn obìnrin nínú fíìmù yẹn lóòótọ́?
Ìyá Ìbejì, Láfẹ́nwá, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ bá wa kí wọn, àmọ́ a ò gbè wọ́n o. Lóòótọ́, ariwo ńlá máa ń gbé kékeré mì, ìyẹn ni wọ́n ṣe ráyè pariwo. Àmọ́ níbi tẹ́ ò ti gbọ́ ohùn ara yín, báwo lẹ ṣe fẹ́ gbọ́ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín? Ìyàwó ẹ̀ tún wà nínú oyún, ṣé orí àpáta tútù ló máa bímọ sí ni? Gbogbo wàhálà tí wọ́n ti ṣe, oko tí wọ́n ń gbé ni wọ́n ṣe é sí: wọ́n da iyanrìn sójú ọ̀nà, wọ́n kun orí pákó ilé níbi tí ò ní dún tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, orí ewé ni wọ́n ti ń jẹun kí àwo má baà dún, wọ́n tiẹ̀ ti ṣe àpótí tó ní ọ́síjìn sílẹ̀ de ọmọ tuntun, kí igbe ẹ̀ má baà jáde síta. (Ká ní àárín ariwo Kútọ̀ l'Abẹ́òkúta ni, àwa ti kú kí ilẹ̀ tó mọ́.)

Ọmọbìnrin yẹn, Millicent Simmonds, adití ni lóòótọ́. John Krasinski tó darí fíìmù ọ̀hún lọ́dún 2018, tó tún ṣe bàbá, ló ní dandan adití ló gbọ́dọ̀ ṣe é. Lójú tèmi òun ló gbé fíìmù yẹn. Tí wọ́n bá ti yí i sí apá tiẹ̀, ńṣe ni gbogbo ìró á kú pátá, ẹ̀yin á máa rí nǹkan tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, òun ò mọ̀. Ẹ má wò ó nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń dún o, ẹ ò ní gbádùn ẹ̀.

Ẹ wá èyí tó jáde lọ́dún 2024 náà, Day One, tí Lupita Nyong'o ṣe. Òjò àti àrá ni wọ́n fi bo ohùn mọ́lẹ̀ níbẹ̀, bàbá Ìbejì á rí nǹkan dì mú.