Èsì: Kí ló dé tí wọ́n fi gba touchdown ìkẹyìn yẹn lọ́wọ́ Virginia Tech?

Ẹ̀gbọ́n, mo rí ìbéèrè yín lórí máàṣì American football tí Virginia Tech bá Miami gbá, àti touchdown (mímú bọ́ọ̀lù dé ìpẹ̀kun pápá alátakò) tí wọ́n fagi lé. Tí bọ́ọ̀lù ò bá tíì dúró lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tí ẹni tó ti wà lẹ́yìn ìlà wá fara kàn án, bọ́ọ̀lù ti kú nìyẹn. Àlàyé tí ACC (líìgì yunifásítì tí ẹgbẹ́ méjèèjì wà nínú ẹ̀) ṣe lẹ́yìn máàṣì ọjọ́ 27 Sẹ̀tẹ́ńbà 2024 náà nìyẹn, pé agbábọ́ọ̀lù Miami kan tó ti jáde ló fara kàn án, bí Miami ṣe fi 38 sí 34 lọ sílé nìyẹn.

Àmọ́ rẹfirí orí pápá ti ní touchdown ni o, kí rìpíléè (àwọn tó ń tún fídíò wò) tó lè yí i padà, fídíò gbọ́dọ̀ fi hàn gbangba tí ẹnikẹ́ni ò ní lè jiyàn, tí kò bá hàn bẹ́ẹ̀, ti orí pápá ló dúró. Ibẹ̀ ló dùn mí jù. Àwọn agbábọ́ọ̀lù gun orí ara wọn gègèrè, apá níbí, ẹsẹ̀ lọ́hùn-ún, gbogbo igun kámẹ́rà tí wọ́n fi hàn wá lórí tẹlifíṣọ̀n, mi ò rí bọ́ọ̀lù yẹn kedere nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá wọn fà á, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ dì mú, torí rìpíléè lẹ́tọ̀ọ́ láti wò ó.

Holding (dídi alátakò mú lọ́nà tófin ò gbà) tẹ́ ẹ tún ń bínú sí, rìpíléè ò lè dá sí i rárá. Targeting (fífi orí akoto kọlu alátakò, tàbí kíkọlù ú lórí tàbí lọ́rùn, lọ́nà tófin ò gbà) ló yàtọ̀: láti 2019, tí gbogbo ohun tófin sọ ò bá pé lórí fídíò, wọ́n gbọ́dọ̀ fagi lé e ni.