Ẹ̀ka 40 ló jẹrà mọ́ mi lọ́wọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè bóyá omi àgbọn lè mú kí ẹ̀ka gúáfà ta gbòǹgbò nílé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí kí ẹ tó fọ́ àgbọn.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo gé ẹ̀ka bougainvillea 40, òdòdó ẹlẹ́gùn-ún yẹn, mo fẹ́ fi sọgbà yí ilé wa ká ní Lagere, ní Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀gá kan tó ní òun kàwé iṣẹ́ ọ̀gbìn ta páúdà kan fún mi pé ó ń mú ẹ̀ka ta gbòǹgbò, ó ní kí n gbìn wọ́n sínú ilẹ̀ dúdú ààtàn torí ó lọ́ràá. Mo ń bomi rin wọ́n láàárọ̀ lálẹ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Kò pẹ́, ewé yọ! Mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó. Àṣé oúnjẹ tó kù nínú igi ni wọ́n ń jẹ, kò sí gbòǹgbò kankan nísàlẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, gbogbo ewé rọ. Mo fa ọ̀kan tu, ìdí rẹ̀ ti dúdú, ó ń rùn. Mo fa èkejì. Mo fa gbogbo wọn. Mo padà lọ bá ọ̀gá, ó ní ọwọ́ mi ni kò tutù. Ọwọ́ tó ń gbin ewúro tó ń hù!

Ilẹ̀ ló di omi mú, ẹ̀ka ò sì rí afẹ́fẹ́. Yanrìn odò ni kí ẹ lò. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀, ẹ fi ọ̀rá bò ó, ẹ gbé e síbi ibòji.

Ẹ má fà á tu wò o! Gbòǹgbò tuntun ò nípọn ju òwú lọ. Ẹ má sì dán an wò nígbà ọyẹ́. Tó bá jẹ́ ọgbà lásán lẹ fẹ́, ẹ gé akòko tàbí pèrègún, àwọn yẹn kì í béèrè páúdà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Háà, omi àgbọn. Kì í ṣe irọ́, ó ní èròjà tó ń mú igi dàgbà, ṣùgbọ́n ṣúgà inú rẹ̀ ń pe èèrà, ó sì ń mú kí ìdí ẹ̀ka bu. Mo máa ń fi omi là á, kí n rẹ ìdí ẹ̀ka sínú rẹ̀ mọ́jú, kí n ṣàn án kí n tó gbìn ín. Ti gúáfà le, pàápàá ẹ̀ka tó ti gbó. Orí igi ni mo ti ṣe tèmi: mo bó èèpo ẹ̀ka yíká bí ìbú ìka kan, mo fi òwú èèpo àgbọn tó tutù wé e, mo fi ọ̀rá dì í lókè àti nísàlẹ̀. Ó tó oṣù méjì kí n tó rí gbòǹgbò funfun nínú ọ̀rá. Ìgbà yẹn ni mo tó gé e.