Bátìrì fún ilé àwọn òbí l'Óṣogbo: kí ẹ tó sanwó fún "gbogbo ilé"

Ẹ̀gbọ́n wa ní Manchester, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó. Ẹ ní oníṣẹ́ iná kan l'Óṣogbo ti dá iye lé inverter 5kVA pẹ̀lú bátìrì tubular (bátìrì olómi) 220Ah mẹ́rin, pé yóò gbé gbogbo ilé Bàbá àti Màmá. Ẹ wá ń bèèrè bóyá ó tó bẹ́ẹ̀ lówó, àti bóyá kò ní sàn kí ẹ ra bátìrì lithium lọ́hùn-ún kí ẹ fi ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ "gbogbo ilé" yẹn ló ká mi lára. Òun ló ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ará wa tó wà lókè òkun ju ohunkóhun mìíràn lọ, torí náà ibẹ̀ ni mo máa pẹ́ sí jù.

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyí. Oníṣẹ́ iná á fa wáyà inverter wọ inú DB (àpótí búrékà) àtijọ́ lódindi. Á tan an níwájú àbúrò yín, gbogbo gílóòbù á mọ́lẹ̀, wọ́n á ya fídíò, ẹ ó san ìyókù owó, ó parí. Ilé mọ́lẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n sumo tó ń fa omi kànga wà lórí ìlà yẹn, áyọ́ọ̀nù wà níbẹ̀, kẹ́tù wà níbẹ̀, firísà ńlá náà wà níbẹ̀. Sumo 1HP máa ń jẹ tó 1,000W tó bá ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó bá fẹ́ gbéra, ó lè fa ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́fà iye yẹn. Ọ̀pọ̀ inverter tí wọ́n kọ 5kVA sí lára kò gbé ju 4kW (4,000W) lọ. Tí sumo bá gbéra nígbà tí fíríìjì náà ń gbéra, inverter á ké, á kú, Màmá á sì pè yín ní aago méjì òru pé nǹkan tí ẹ fi owó ńlá rà ti bàjẹ́.

Áyọ́ọ̀nù kò ní jẹ́ kó ké ní tirẹ̀, ó kàn ń mu bátìrì gbẹ ni. Áyọ́ọ̀nù 1,200W tó bá gbóná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti jẹ 600Wh (wáàtì tó ń jẹ ní ìlọ́po wákàtí tó fi ṣiṣẹ́), iye tí fáànù 60W máa fi ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́wàá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n kan tó wá lo ìsinmi, tó fẹ́ lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ló máa fi òkùnkùn sílẹ̀ fún Bàbá lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bí wọ́n bá sì ń fa tubular gbẹ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, bátìrì tó yẹ kó lo ọdún mẹ́rin lè máà lo ọdún kan ààbọ̀.

Èyí tó burú jù kò tíì jáde. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, wọ́n da neutral (wáyà tí iná ń gbà padà) gbogbo yàrá pọ̀ sójú kan. Tí oníṣẹ́ iná bá fi inverter sórí ìlà kan láì ya neutral rẹ̀ sọ́tọ̀, tàbí tó fi ojú kan sílẹ̀ níbi tí iná NEPA tàbí ti jẹ́ń lè gbà wọ ẹnu ibi tí inverter ti ń tú iná jáde, ọjọ́ tí NEPA bá dé lójijì ni inverter máa jó. Kì í ṣe fíúùsì ló máa já o, bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ ni. Ẹni tó tà á kò sì ní gbà á padà, torí wọ́n á ní ẹ̀bi ẹni tó fa wáyà ni, òótọ́ ni wọ́n sì sọ.

Ohun tí ẹ máa ní kó ṣe ni DB kejì, kékeré, èyí tó ní ojú mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, fún inverter nìkan. Gílóòbù gbogbo ilé, fáànù, sókẹ́ẹ̀tì pálọ̀ fún tẹlifíṣọ̀n, sókẹ́ẹ̀tì fíríìjì àti yàrá àwọn méjèèjì ló máa wọ ibẹ̀, tòun ti neutral wọn. Sumo, sókẹ́ẹ̀tì kíṣìnì, hítà omi, áyà kọ́ńdíṣọ̀n àti firísà ńlá á dúró sí DB àtijọ́, tí NEPA àti jẹ́ń ń bọ́. Wáyà 6mm² àti búrékà 32A láti inverter sí DB kejì tó fún 5kVA. Kó fi súìṣì bypass sí i, kí NEPA lè lọ tààrà sí DB kejì lọ́jọ́ tí inverter bá ní àìsàn, kí súìṣì yẹn sì jẹ́ irú tí kò lè so àwọn méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Á ní kò pọndandan, á ní ó máa gba ọjọ́ kan sí i, torí ó máa wá ìlà kọ̀ọ̀kan rí lókè sílínìn. Ẹ sanwó ọjọ́ yẹn fún un.

Kí ẹ tó san ìyókù owó, kí àbúrò yín gbé fóònù dání kí ẹ máa wò ó. Kí wọ́n pa NEPA àti jẹ́ń láti orísun, kí wọ́n tan inverter. Kí ó ki áyọ́ọ̀nù bọ sókẹ́ẹ̀tì kíṣìnì: kò gbọ́dọ̀ gbóná. Kó fi tester kan búrékà DB àtijọ́ níkọ̀ọ̀kan: kò gbọ́dọ̀ sí iná kankan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kí oníṣẹ́ iná pa gbogbo rẹ̀, kó yọ wáyà inverter kúrò ní ẹnu méjèèjì, kó fi mítà ọwọ́ kan neutral DB àkọ́kọ́ pọ̀ mọ́ ti DB kejì. Tí mítà bá dún, wọ́n ṣì so pọ̀ níbì kan, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ohun tí àwọn àgbàlagbà méjì ń lò lálẹ́. Gílóòbù LED mẹ́jọ tó ń jẹ 9W fún wákàtí 5 jẹ́ 360Wh. Fáànù mẹ́ta, 60W níkọ̀ọ̀kan fún wákàtí 8, jẹ́ 1,440Wh. Tẹlifíṣọ̀n 80W fún wákàtí 5 jẹ́ 400Wh. Fíríìjì kékeré láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀, ká pè é ní 700Wh. Fóònù àti rédíò, 100Wh. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 3,000Wh, ìyẹn 3kWh, tàbí yúnìtì mẹ́ta. Bátìrì mẹ́rin tí ó dárúkọ fún yín jẹ́ 10.5kWh lórí ìwé, ṣùgbọ́n tubular kò yẹ kó kọjá ìdajì, nítorí náà 5kWh ló wà níbẹ̀. Lithium 51.2V 100Ah kan ṣoṣo jẹ́ 5.1kWh, ẹ sì lè lo ìdá mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀, ìyẹn 4kWh ó lé. Méjèèjì ló máa gbé alẹ́ wọn. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń gba iná padà.

Ẹ bi àwọn ará ilé ní Band (ìpele wákàtí iná) tí fíìdà (ìlà iná) àdúgbò wọn wà, kí ẹ má sì gba ohun tó wà lórí ìwé nìkan gbọ́. Lórí ìwé, Band A jẹ́ wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, B jẹ́ 16, C jẹ́ 12, D jẹ́ 8, E jẹ́ 4. Àwọn òṣìṣẹ́ iná á fi yín sí Band kan, owó Band yẹn lẹ ó máa san, iná á sì máa wá bó ṣe wù ú. Ẹ ní kí Màmá máa kọ aago tí iná dé àti aago tó lọ sínú ìwé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ìyá wa mọ èyí ṣe dáadáa.

Ìdí tó fi ṣe pàtàkì nìyí: tubular 220Ah kò yẹ kó gba ju nǹkan bí 22A lọ. Tí ẹ bá lò ó dé ìdajì, ó máa fẹ́ wákàtí 8 sí 10 kó tó kún, torí díẹ̀díẹ̀ ló máa ń gba èyí tó kù níparí. Níbi tí iná ti ń wá fún wákàtí mẹ́rin, kò ní kún láéláé, bátìrì tí kì í kún sì ń dá imí funfun sára irin inú rẹ̀ títí yóò fi kú. Lithium á gba 50A, á gba 3kWh yẹn padà ní wákàtí kan lé díẹ̀. Tubular tún ń fẹ́ omi distilled ní oṣù méjì-mẹ́ta síra wọn, kì í ṣe pure water, kì í sì í ṣe ásíìdì. Ta ló máa ṣí ìdérí bátìrì mẹ́rin l'Óṣogbo, Bàbá tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́? Fún ilé àwọn àgbàlagbà, èmi fara mọ́ lithium, bó tilẹ̀ wọ́n níbẹ̀rẹ̀. Níbi tí iná bá kéré sí wákàtí mẹ́fà, ẹ fi sólà kún un: pánẹ́ẹ̀lì 550W mẹ́rin tó, kó kọjú sí gúúsù, kó dagun díẹ̀.

Ní ti owó, ẹ lo iye ìsinsìnyí fún ìṣirò yín, torí gbogbo nǹkan ń yí. Tí lítà epo bá jẹ́ ₦900, tí jẹ́ń kékeré bá ń mu ìdajì lítà ní wákàtí kan, wákàtí 12 lálẹ́ jẹ́ ₦5,400, oṣù kan jẹ́ ₦162,000. Tí iná Band A bá jẹ́ nǹkan bíi ₦209.5 fún yúnìtì kan, láti fi í gba 3kWh padà, tòun ti èyí tó ń ṣòfò lọ́nà, á jẹ́ nǹkan bíi yúnìtì 3.5, ₦733 lálẹ́ kan, ₦22,000 lóṣù. Tí gbogbo iṣẹ́ bá gba mílíọ̀nù 2.8, ó máa dá owó yín padà ní nǹkan bí oṣù 20. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ wákàtí mẹ́rin péré ni wọ́n ń tan jẹ́ń kí wọ́n tó sùn, ohun tí ẹ máa rí fi pamọ́ lè máà ju ₦40,000 lọ lóṣù, ó di bí ọdún mẹ́fà kí owó tó padà, tubular á sì ti kú kó tó di ìgbà yẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó nìkan tàn yín. Èéfín jẹ́ń tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ń pa odindi ẹbí mọ́jú, ìyẹn nìkan tó fún mi. Tí Bàbá bá sì ń lo insulin tó ń gbé inú fíríìjì, ẹ ti mọ̀.

Fífi ránṣẹ́ láti Manchester: ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàgbé ẹ̀. Bàálù tó ń gbé èrò kì í gba bátìrì lithium tó dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹrù. Nínú báàgì ọwọ́, 100Wh ni òdiwọ̀n, 160Wh tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú bá gbà, tiyín sì jẹ́ 5,000Wh. Tí ẹ bá gba ojú omi, ẹrù eléwu ni wọ́n kọ ọ́ sí, ìwé rẹ̀ pọ̀, tó bá sì dé èbúté tán, àwọn aṣọ́bodè á máa rí ìwé kan tí kò pé lójoojúmọ́ bí owó ìdúró ẹrù ti ń gorí. Tó bá bàjẹ́, ta ló máa gbé e padà sí England? Àwọn ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà, ẹ má tilẹ̀ gbèrò rẹ̀: inverter 120V, 60Hz kò bá ilé wa mu.

Ẹ rà á nílé, kí ẹ san owó bátìrì tààrà fún ilé ìtajà, kì í ṣe nípasẹ̀ oníṣẹ́ iná. Ògbólógbòó sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tú láti inú mọ́tò tó ń lo iná ni wọ́n ń kó sínú páálí tuntun báyìí. Lithium 5kWh gidi máa ń wọ̀n tó 45kg sí 50kg. Ẹ ní kí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ẹ dán an wò pẹ̀lú: tó bá kún tán, kí wọ́n pa NEPA, kí wọ́n ki boiling ring 1,000W bọ garawa omi, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan omi náà, kí wọ́n máa bu omi kún un lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ọ́ kúrò lára iná. Ẹ má lo áyọ́ọ̀nù fún èyí, torí ó ń pa ara rẹ̀ tó bá gbóná tán. Ó yẹ kó tó wákàtí mẹ́rin. Tó bá kú ní wákàtí méjì ààbọ̀, ẹ dá a padà lọ́jọ́ náà.

Wáyà tó so bátìrì mọ́ inverter gbọ́dọ̀ jẹ́ bàbà gidi, 35mm², pẹ̀lú búrékà DC 125A láàárín. Kí àbúrò yín fi ọ̀bẹ ha ẹnu rẹ̀: tí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà bò ni, á gbóná títí rọ́bà rẹ̀ á fi yọ́.

Nínú inverter, kí wọ́n yan irú bátìrì tó jẹ́ lithium, kí wọ́n pa equalization (gbígba iná àgbájù, èyí tó wà fún tubular). Tí kò bá sí sólà, kí wọ́n fi í sí NEPA ṣíwájú, kí bátìrì má baà máa tú iná nígbà tí NEPA wà. Níbi tí iná ti máa ń rẹlẹ̀ dé 150V ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n yan appliance (ipò tó ń gba iná tó rẹlẹ̀), kì í ṣe UPS (ipò tó ń ṣa iná yàn), àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ inverter á kọ iná náà, bátìrì á sì máa tán lọ nígbà tí iná wà nínú ilé. Tí ẹ bá fi sólà kún un, kí wọ́n pa dídá iná padà sí NEPA, torí ọ̀pọ̀ mítà prepaid ń ka iná tó ń jáde bí ẹni pé ẹ̀ ń lò ó ni, káàdì á sì máa sáré tán.

Kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́, ẹ pe oníṣẹ́ iná yẹn lórí DB kejì. Tó bá ní òun kì í ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹ gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn.